Bí a ṣe ń lọ sí etíkun Holkham kí òkun má bàa gba ẹ̀yìn ká wa mọ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé London mọ ọ̀nà Southend àti Margate bí ẹni mowó. Etíkun tó dákẹ́ ni a kì í mọ bí a ṣe ń lọ. A ó dé ibẹ̀ tán, a ó bá a pé òkun ti fà lọ débi tí ojú kò tó o mọ́. Àbí ká gbéra ká tọ̀ ọ́ lọ, ká máa ya fọ́tò, ká máa ṣa ìkarahun, ìgbà tí a ó bá fi bojú wẹ̀yìn, omi ti wà láàárín àwa àti ọ̀nà tí a gbà wá. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ gbé irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní etíkun Norfolk.

Holkham, ní àríwá Norfolk, ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé. Mo yàn án nítorí pé ó fẹ̀ gan-an, kò sí ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù lórí yanrìn rẹ̀, gbogbo àṣìṣe tí ènìyàn lè ṣe ní etíkun apá ìlà oòrùn England ló sì pé síbẹ̀. Ẹni tó bá mọ Holkham lò kò ní ṣòro fún láti lo àwọn yòókù.

Ẹ mọ èyí kí ẹ tó di ẹrù. Òkun Èkó ni ọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ mọ̀. Ewu tirẹ̀, iwájú ló ti ń wá: ìgbì tó ń já lu ènìyàn, omi tó ń gbá ilẹ̀ lọ lábẹ́ ẹsẹ̀. Kíkún àti fífà rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í wo aago nítorí rẹ̀ ní Elegushi. Ní Hunstanton, tí kò jìnnà sí Holkham, ìyàtọ̀ láàárín òkun tó kún àti èyí tó fà lè ju mítà márùn-ún lọ, láàárín nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà péré. Ilẹ̀ Holkham sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Nítorí náà omi kì í hó ruru wá bá yín níwájú. Àwọn ipa omi tó ya wọ inú yanrìn lẹ́yìn yín ló máa kọ́kọ́ gbà wọlé, bí olè tó mọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, nígbà tí yanrìn tí ẹ dúró lé ṣì gbẹ táútáú.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Àkọsílẹ̀ àsìkò tí òkun máa kún àti ìgbà tí ó máa fà ní ọjọ́ tí ẹ ń lọ. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ má fi fóònù nìkan gbọ́kàn lé.
- Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kún, pẹ̀lú páwà báńkì. Nẹ́tíwọọ̀kì kò dúró sójú kan ní agbègbè yẹn, torí náà ẹ ti gba máàpù rẹ̀ sórí fóònù láti ilé.
- Aago ọwọ́, bí ẹ bá ní i.
- Jákẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn kì í gbà wọlé, kódà bó jẹ́ oṣù Keje. Súẹ́tà kan fún ọmọdé kọ̀ọ̀kan.
- Bàtà àtijọ́ tó ń wé mọ́ ẹsẹ̀, tí kò ní dùn yín bí ó bá rẹ. Sálúbàtà máa ń bọ́ sínú ẹrẹ̀.
- Omi mímu, tíì gbígbóná nínú fúláàsì, oúnjẹ nínú abọ́ tí ìdérí rẹ̀ le. Atẹ́gùn Norfolk kò mọ ìyàtọ̀ láàárín jọ̀lọ́ọ̀fù àti ilẹ̀. Yanrìn máa wọ ohunkóhun tí ẹ bá ṣí sílẹ̀.
- Aṣọ ìnura, aṣọ ìpààrọ̀, ìpara tó ń dènà oòrùn. Bẹ́ẹ̀ ni, àwa aláwọ̀ dúdú náà. Atẹ́gùn tútù kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé oòrùn ń ṣiṣẹ́.
- Ọ̀rá méjì fún ìdọ̀tí.
- Káàdì báńkì fún owó ìgbọ́kọ̀sí.

1. Ẹ jẹ́ kí òkun yan ọjọ́ fún yín

Ìpele tí àwọn ènìyàn ń fò jùlọ nìyí. Wọ́n á wo ìròyìn ojú ọjọ́, wọ́n á rí oòrùn, wọ́n á ra tíkẹ́ẹ̀tì. Oòrùn kọ́ ni olórí ọ̀rọ̀ ní Holkham.

Ẹ lọ sí EasyTide, ojú òpó ọ̀fẹ́ tí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ya máàpù òkun fún ilẹ̀ Britain ń bójú tó. Ẹ yan Wells, ìlú etíkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Holkham, tàbí Hunstanton. Ẹ má wo ti London Bridge tàbí Southend nítorí pé ibẹ̀ lẹ ti ń bọ̀. Wákàtí wọn yàtọ̀ pátápátá.

Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá GMT ni wọ́n fi kọ ọ́. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta títí di ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, aago ilẹ̀ yìí fi wákàtí kan ṣáájú GMT. Bí ìwé bá sọ pé òkun máa kún ní aago 3:00 ọ̀sán GMT, tí oṣù Keje sì ni, aago 4:00 ló máa jẹ́ lórí fóònù yín. Àwọn ìwé kan ti fi wákàtí náà kún un, àwọn mìíràn kò fi kún un. Ẹ ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ní ibi tí òkun ti ń rìn báyìí, wákàtí kan kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹ má sì lo àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òkun ń kún lójúmọ́, ó sì ń fi nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú pẹ́ sí i lójoojúmọ́. Àkókò tó dára fún ọ̀rẹ́ yín ní Sátidé tó kọjá lè jẹ́ àkókò tó burú jùlọ fún yín ní Sátidé yìí.

Báyìí ni òkun ṣe ń padà. Láti ìgbà tó bá fà tán dé ìgbà tó bá kún tán, ó tó wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀. Ẹ pín gbogbo omi tó máa wọlé sí ọ̀nà méjìlá. Ní wákàtí àkọ́kọ́, ìdá kan ló ń wọlé. Ní èkejì, ìdá méjì. Ní ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin, ìdá mẹ́ta mẹ́ta. Ní ẹ̀karùn-ún, ìdá méjì. Ní ẹ̀kẹfà, ìdá kan. Ẹ wò ó dáadáa: wákàtí méjì àkọ́kọ́ máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹ ó jókòó, ẹ ó ní omi yìí kò yára rárá, ẹ ó tún bu oúnjẹ sí i. Wákàtí méjì tó tẹ̀ lé e ni ìdajì gbogbo omi náà ń wọlé.

Nítorí náà, òfin tí mo ń tẹ̀ lé ni pé wákàtí mẹ́rin kí òkun tó kún tán, kí gbogbo ènìyàn ti padà sí ìhà igi, ìyẹn igbó páìnì tó wà lẹ́yìn etíkun náà. Bí òkun bá máa kún ní aago méje ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́ta ọ̀sán ni ẹ gbọ́dọ̀ ti fi gbogbo ipa omi sí ẹ̀yìn. Àwọn kan máa sọ fún yín pé mo le jù, pé ìgbà mìíràn wà tí omi kì í dé ibẹ̀ rárá. Òótọ́ ni. Wọ́n mọ etíkun náà, ẹ̀yin kò ì tíì mọ̀ ọ́n.

Òṣùpá wà nínú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú. Ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú, àti lẹ́yìn ìgbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, òkun máa ń kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì máa ń fà jìnnà jùlọ. Nígbà tí òṣùpá bá dá sí méjì, kì í ga púpọ̀, kì í sì í fà jìnnà. Ní etíkun yìí, ọjọ́ tí òkun bá fà tán ní nǹkan bí ọ̀sán gangan sábà máa ń bọ́ sí àkókò òkun ńlá yẹn. Ó rẹwà: yanrìn lọ títí, omi di ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Òun náà ni ọjọ́ tí omi ń padà pẹ̀lú agbára jùlọ. Bí ẹ bá ń mú ọmọ kéékèèké lọ fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ yan ọjọ́ tí òṣùpá dá sí méjì. Ẹ kò ní rìn jìnnà kí ẹ tó rí omi, òkun náà kò sì ní fi agbára lé yín.

Ní ti àkókò ọdún, oṣù Kẹsàn-án ni mo fẹ́ràn jù. Àwọn ọmọ ti padà sílé ìwé, òkun ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ díẹ̀, ojú ọjọ́ kò ì tíì bàjẹ́. Oṣù Karùn-ún àti Kẹfà dára ní àárín ọ̀sẹ̀. Láti òpin oṣù Keje dé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, àti gbogbo ọjọ́ Ajé tó bá jẹ́ ìsinmi ìjọba, ẹ gbàgbé ọ̀rọ̀ ìdákẹ́jẹ́. Ìgbà òtútù dákẹ́ jùlọ. Àwọn ẹyẹ pẹ́pẹ́yẹ igbó ńláńlá ẹlẹ́sẹ̀ pupa máa ń ti ìhà àríwá ayé wá ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù ní oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sọ ọ́ sókè fún ẹni tó ń bá yín lọ: "Òkun fà ní aago báyìí, ó kún ní aago báyìí, a gbọ́dọ̀ ti padà ní aago báyìí." Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́ láìwo ìwé, ẹ kò ì tíì parí ìpele yìí.

2. Ẹ ṣètò bí ẹ ṣe máa dé ibẹ̀

Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin máa wọ̀ ọ́ ní King's Cross lọ sí King's Lynn tààrà. Kò pé wákàtí méjì. Ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì kò jìnnà síbẹ̀, ẹsẹ̀ lẹ máa fi rìn ín. Bọ́ọ̀sì 36, tí wọ́n ń pè ní Coastliner, gba Hunstanton kọjá lọ sí Wells, ó sì ń dúró ní Holkham ní ojú títì. Ó tó nǹkan bíi wákàtí méjì kí bọ́ọ̀sì yẹn tó dé ibẹ̀, nítorí pé abúlé kan kò ní kọjá kí ó má yà á.

Ẹ ṣírò rẹ̀: wákàtí mẹ́rin lílọ, mẹ́rin bíbọ̀, ká má tíì ka ìdúró. Ibi tí àwọn tí kò ní mọ́tò ti ń kùnà nìyẹn. Wọ́n á kúrò nílé ní aago mẹ́sàn-án, wọ́n á dé ní ọ̀sán, bọ́ọ̀sì ìkẹyìn á sì máa lé wọn kiri. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ sùn ní Wells tàbí Hunstanton ní òru ọjọ́ kan. Bí ẹ bá jẹ́ ẹbí, káàdì Family & Friends ti ọkọ̀ ojú irin ń gé ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò lórí owó àgbàlagbà, ó sì ń gé 60% kúrò lórí ti ọmọdé.

Láti London, mọ́tò máa gbà yín ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta. Ibi tí ẹ máa kọ sínú máàpù ni Lady Anne's Drive. Bí ẹ bá kọ Holkham lásán, ó lè gbé yín lọ sí Holkham Hall, ààfin ńlá tó wà ní òdìkejì títì A149, ẹ ó sì rí ara yín láàárín àgbọ̀nrín. Ibi ìgbọ́kọ̀sí Lady Anne's Drive ń gba owó, ó sì máa ń kún ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù ni kí ẹ ti wà níbẹ̀. Ẹ má gbọ́kọ̀ sí orí koríko etí títì.

Àyẹ̀wò: ẹ ti mọ àsìkò bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ti ọjọ́ yẹn gan-an (ti ọjọ́ Àìkú yàtọ̀), ó sì bá àsìkò òkun tí ẹ kọ sílẹ̀ mu.

3. Láti ibi ọkọ̀ dé orí yanrìn

Lady Anne's Drive gùn tààrà láti títì dé ẹsẹ̀ igbó páìnì. Ní ìparí rẹ̀ ni ilé kan wà tí wọ́n ń pè ní The Lookout; ẹ ó rí oúnjẹ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kó gbogbo ọmọ lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tó ní òun kò fẹ́ àti èyí tó fẹ́. Kò sí òmíràn lórí yanrìn.

Ọ̀nà pákó la àárín igbó páìnì kọjá. Bí ẹ bá ti jáde sí gbangba, ẹ dúró. Gbogbo ènìyàn ló ń sáré lọ síwájú níbí nítorí pé ojú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ rí òfuurufú tó fẹ̀. Ẹ yí padà, kí ẹ wo ibi tí ẹ ti jáde. Igi páìnì náà jọra láti òpin kan dé èkejì, òkìtì yanrìn jọra pẹ̀lú. Láti ọ̀nà jíjìn, ẹnu ọ̀nà yẹn kì í hàn mọ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì sàmì sí i lórí máàpù fóònù yín.

Àyẹ̀wò: ẹ rìn bí igba mítà síwájú, ẹ tún yí padà. Ṣé ẹ ṣì lè nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà náà? Bí ẹ kò bá lè nawọ́ sí i, ẹ padà lọ wá àmì tó dára jù, bí igi kan tó ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ tàbí èyí tó tẹ̀.

4. Yíyan ibi ìjókòó

Lẹ́yìn igbó ni ilẹ̀ kan wà tó rí bí àwo ńlá: irà oníyọ̀, koríko kúkúrú, ẹrẹ̀ tó ti sán. Yanrìn tó ga díẹ̀ wà ní ìhà kejì rẹ̀, lẹ́yìn náà ni òkun. Ilẹ̀ tó rí bí àwo yìí ni òkun máa ń kún nígbà tó bá ga, òun ló sì ń dá ènìyàn mọ́ òdìkejì.

Ẹ tẹ orí ba, kí ẹ wo ilẹ̀. Ẹ ó rí ìlà koríko òkun gbígbẹ, tó dúdú, tó ń họ pápápá lábẹ́ bàtà, pẹ̀lú ìkarahun fífọ́ àti ìyẹ́ ẹyẹ nínú rẹ̀. Ibi tí omi dé kẹ́yìn nìyẹn. Bí koríko náà bá ṣì tutù, tí àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ ń fò jáde lábẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ gbé e, kò tíì pẹ́ tí omi kúrò níbẹ̀. Ìlà náà lè ju ẹyọ kan lọ. Èyí tó sún mọ́ igi jùlọ ni kí ẹ fi ṣe òdiwọ̀n. Ìhà igi rẹ̀ ni kí ẹ tẹ́ ẹní yín sí. Bí ẹ bá jókòó sí ìhà òkun rẹ̀, ilé onílé lẹ jókòó sí, onílé sì ń bọ̀.

Ní ti ìdákẹ́jẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rìn jìnnà sí ọ̀nà pákó. Ẹ rìn fún ogún ìṣẹ́jú sí ọ̀tún tàbí òsì, ariwo á ti tán. Ọ̀tún ni ọ̀nà Wells, ìlà oòrùn. Òsì ni ìwọ̀ oòrùn, òun ló dákẹ́ jù, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ní gbangba: ní apá ibẹ̀ ni àyè kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó fẹ́ràn láti wà níhòòhò. Pátákó wà níbẹ̀. Wọn kò ní bá yín jà, ẹ̀yin náà ẹ má wò wọ́n wò wọ́n. Ẹni tó bá mú ìyá ọkọ rẹ̀ dání, kí ó yà sí ọ̀tún.

Láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹjọ, wọ́n máa ń ta okùn yí apá kan yanrìn ká. Àwọn ẹyẹ kéékèèké tó ń yé ẹyin sórí ilẹ̀ gbalaja ni wọ́n ta á fún, ẹyin wọn sì jọ òkúta débi pé ẹ lè tẹ̀ ẹ́ kí ẹ má mọ̀. Ẹ má fo okùn náà, ẹ má jẹ́ kí ọmọ lé bọ́ọ̀lù wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá mú ajá dání, ẹ ka pátákó ní ẹnu ọ̀nà, kí ẹ sì fi okùn sí i lọ́rùn.

Iná dídá kò sí níbẹ̀. Igi páìnì àti koríko òkìtì yanrìn ń gbẹ, iná sì ń ràn kíákíá nínú atẹ́gùn yẹn. Ẹ sun súyà yín nílé. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará wa nínú ìjọ aláṣọ funfun tó máa ń lọ gbàdúrà létí òkun pẹ̀lú: àdúrà kò ní ẹnikẹ́ni lára níbẹ̀, àbẹ́là títàn nínú koríko gbígbẹ ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Èso tí ẹ bá mú lọ, ẹ mú u padà. Ẹ má bu yanrìn tàbí ṣa òkúta lọ sílé, òfin ti wà lórí rẹ̀ láti 1949. Ìṣọ́ òru lórí yanrìn gbalasa, tí ẹnikẹ́ni kò rí ibi tí omi dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe é nínú ilé.

5. Rírìn lọ bá omi

Kí ẹ tó gbéra, ẹ ṣètò áláàmù méjì lórí fóònù: ọ̀kan fún ìgbà tí òkun bá fà tán, èkejì fún àsìkò ìpadà tí ẹ kọ sílẹ̀. Nígbà tí àkọ́kọ́ bá dún, kí ojú yín ti máa yí sí ilé.

Bí ẹ ti ń lọ, ẹ ó máa la àwọn ipa omi kọjá. Àwọn kan gbẹ, àwọn kan ní omi tó dé kókósẹ̀. Ẹ ka iye tí ẹ là. Iye kan náà lẹ máa là nígbà ìpadà, ibi tí omi rẹ̀ sì jìn jùlọ nísinsìnyí ni yóò kọ́kọ́ dí mọ́ yín.

Ohun kan wà tí mo máa ń ṣe ní ipa omi kọ̀ọ̀kan. Mo máa já koríko kan, mo máa sọ ọ́ sínú omi náà, mo máa dúró wò ó. Bí ó bá ń ṣàn lọ sí ìhà òkun, omi ṣì ń fà. Bí ó bá dúró sójú kan, omi ti fẹ́ yí. Bí ó bá ń bọ̀ sí ìhà igi, òkun ti yí padà, ohun yòówù tí ìwé bá sọ. Ẹ padà nígbà náà.

Ẹ má dúró de ìgbà tí ìgbì máa dé ọ̀dọ̀ yín. Ní Wells, fèrè ìkìlọ̀ kan máa ń dún nígbà tí omi bá ń wọlé, kí àwọn tó wà lórí yanrìn òdìkejì lè sáré padà. Ẹ má retí rẹ̀ ní Holkham. Bí ẹ bá sì rìn dé apá Wells, ẹ má la ojú omi tí àwọn ọkọ̀ ẹja ń gbà wọ ìlú kọjá, bó ti wù kí ó gbẹ tó.

Ẹrẹ̀ rírọ̀ wà ní àwọn ibì kan nínú irà. Bí ẹsẹ̀ bá rì, ẹ má máa fa ọ̀kan kí èkejì tún rì sí i. Ẹ jókòó, ẹ fẹ̀yìn sílẹ̀ kí ara yín lè gba ilẹ̀ púpọ̀, kí ẹ máa fa ẹsẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì padà gba ọ̀nà tí ẹ gbà wá. Àwọn ẹran òkun tó rí bí ajá tí kò lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń pè ní seal, lè wà ní ìsinmi lórí yanrìn. Wọ́n ń gé ènìyàn jẹ. Ẹ jìnnà sí wọn.

Àyẹ̀wò: nígbà tí áláàmù kejì bá dún, iye ipa omi tí ẹ là nígbà lílọ ni ẹ ti là padà, kò ṣẹ́ ku ọ̀kan.

6. Bí ẹ bá fẹ́ wọ omi

Òtútù ni ọ̀tá níbí. Ní oṣù Kẹjọ pàápàá, òkun yìí kì í sábà ju nǹkan bíi 18°C lọ. Ti Èkó máa ń ju 25°C lọ ní gbogbo ọdún. Ẹni tó bá bẹ́ sínú omi tútù lójijì, èémí rẹ̀ á já, ó lè fa omi símú kí ó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bó ti wù kí ó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó. Ẹ máa wọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀: kókósẹ̀, orúnkún, ìbàdí, kí ẹ sì dúró kí èémí yín balẹ̀ kí ẹ tó lọ síwájú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú sínú omi, kí ó má jà. Kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí orí rẹ̀ rọ̀ sẹ́yìn débi tí omi fi bo etí, kí ó máa fi ọwọ́ rọra fẹ́ omi. Láàárín ìṣẹ́jú méjì, ìjayà náà á ti lọ, ó lè wá pariwo tàbí kí ó wẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ ní èyí nílé, lórí bẹ́ẹ̀dì.

Etíkun yìí kọjú sí àríwá. Atẹ́gùn tó bá ń ti gúúsù wá máa ń dùn mọ́ ara nítorí pé ó ń ti orí ilẹ̀ wá, òun náà ló sì ń gbé rọ́bà tí a fẹ́ atẹ́gùn sí lọ sí àárín òkun pẹ̀lú ọmọ lórí rẹ̀. Ẹ fi rọ́bà sílé. Bí ó bá jẹ́ pé ìwẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ ń wá, Wells ni kí ẹ kó wọn lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ RNLI, ẹgbẹ́ tó ń gba ènìyàn là nínú omi, bá wà níbẹ̀, kí wọ́n sì wẹ̀ láàárín àsíá pupa àti yẹ́lò. Àsíá pupa nìkan túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má wọ omi.

7. Bí nǹkan bá yíwọ́

Kùrukùru lè ti orí òkun wá lójijì, pàápàá ní ìgbà ìrúwé àti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kí oòrùn sì ṣì máa ràn ní ìlú. Bí igi páìnì bá ti ń di aláìrí, ẹ má dúró wò ó. Ẹ ṣí kọ́ńpáàsì fóònù, kí ẹ kọjú sí gúúsù, kí ẹ máa rìn lọ. Gúúsù ni igbó wà ní gbogbo ibi tí ẹ bá wà lórí yanrìn yìí. Ẹ di ọmọ mú lọ́wọ́.

Bí omi bá ti ká yín mọ́, ẹ má gbìyànjú láti wẹ̀ ẹ́ kọjá tàbí fi ẹsẹ̀ là á nítorí pé ó dà bíi pé kò jìn. Ó ń ṣàn, ó tutù, ẹ kò sì rí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ lọ sí ibi tó ga jùlọ lórí yanrìn, kí ẹ pe 999 tàbí 112, kí ẹ béèrè fún Coastguard, àwọn tó ń rí sí ìgbanilà ní etíkun. Ọlọ́pàá kọ́ ni kí ẹ béèrè fún. Ẹ sọ pé Holkham ní Norfolk ni, ẹ sọ iye yín, ẹ sọ bí ọmọdé bá wà, kí ẹ ka ibi tí máàpù fóònù yín fi yín hàn sí fún wọn. Ẹ má tijú, ẹ má dúró wò ó bóyá omi máa dúró. Kì í dúró. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá gbà là.

Àyẹ̀wò èyí, ilé ni ẹ ti ń ṣe é: kí ó kéré tán àgbàlagbà méjì mọ nọ́ńbà wọ̀nyí àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ.

8. Kí ẹ tó kúrò

Ẹ ka ọmọ, ẹ ka àpò, ẹ ka abọ́. Gbogbo ìdọ̀tí, títí kan egungun adìẹ àti èèpo ọsàn, wọ inú ọ̀rá. Ẹ gbọn ẹní sí ìhà tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ, kí yanrìn má bàa padà sójú yín. Ẹ bọ́ bàtà tutù níbi ọ̀nà pákó, kí ẹ pààrọ̀ aṣọ àwọn ọmọ níbẹ̀, torí pé abẹ́ igi páìnì ni atẹ́gùn ti máa kọ́kọ́ rọlẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń wọ bọ́ọ̀sì, ẹ fi ìdajì wákàtí sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà pákó dé ojú títì. Ọmọ tó ti rẹ̀ kì í yára. Ẹ dúró sí òdì títì tó bá ibi tí ẹ ń lọ mu, ti Wells àti ti Hunstanton kì í ṣe ìhà kan náà, kí ẹ sì nawọ́ sí awakọ̀ bí ó bá ń bọ̀. Kí ẹ tó kúrò nílé ni kí ẹ ti fi nọ́ńbà awakọ̀ takisí kan ní Wells sínú fóònù yín. Wọn kò pọ̀, wọn kì í rìn kiri wá èrò, ẹni tó bá sì pè wọ́n ní àárọ̀ ni wọ́n ń dá lóhùn ní ìrọ̀lẹ́.